Kí ló dé tí wọn ò kàn fi àga kún àga? Àlàyé lórí ààyè ẹnjiníà ní fásitì Èkó

Ìyá kan wà ní ọjà Tẹ̀júoṣó tí mo máa ń ra ànkárá lọ́wọ́ wọn. Ọmọ wọn gba 271 nínú ìdánwò JAMB, ó mú Mechanical Engineering ní fásitì kan níbí, orúkọ rẹ̀ ò jáde. Bí màmá ṣe ń ká aṣọ fún mi ni wọ́n bi mí pé: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé ìwé, ẹ là á yé mi. Ìjọba ní àwọn ò dá fásitì tuntun sílẹ̀ mọ́ fún ọdún méje, pé èyí tó wà nílẹ̀ làwọn fẹ́ tún ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí wọn ò kàn fi àga kún àga, kí ọmọ tèmi náà rí ibi jókòó sí?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé lórí ìdúró, n ò ṣe é dáadáa. Oníbàárà míì dé, ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ irú ìbéèrè yìí káàkiri: lórí WhatsApp àwọn òbí, nínú dáńfó tó ń lọ sí Ọ̀yìngbò, níwájú géètì Akoka lásìkò àdímíṣọ̀n. Ẹlòmíì á ní wọ́n ń tọ́jú ààyè pamọ́ fún ọmọ olówó. Ẹlòmíì á ní àwọn olùkọ́ ló ya ọ̀lẹ. N ò ní sọ pé kò sí màgòmágó rárá nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní áńgẹ́lì ni gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ á ṣì wà níta. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Kí ni ìjọba sọ gan-an?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ pinnu pé àwọn ò ní dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ọdún 7. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní ilé ìwé ti pọ̀ ju owó tó wà lọ, pé ibòmíì sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ò yà sí. Ó ní fásitì 199 ni ọmọ tó mú wọn nínú JAMB ò tó 100, àti pé 34 ò rí ẹyọ ẹnì kan.

Tó bá jẹ́ láti Èkó lẹ ti ń wò ó, ọ̀rọ̀ náà á dà bí àlá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 ọmọ tó ń ṣe JAMB lọ́dọọdún, UNILAG sì wà lára àwọn tí wọ́n ń dù jù. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní kí èyí tó wà nílẹ̀ fẹ̀ sí i, ibi tí èrò ti ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà gan-an ni àṣẹ náà balẹ̀ sí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí náà ti wà tipẹ́ pé nínú ọmọ 100 tí fásitì bá gbà, kí 60 jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìjọba fẹ́ ẹnjiníà, kò sí àníàní. Owó tí wọ́n fi ń tọ́ ẹnjiníà ni wọn ò kó sílẹ̀ tó.

Ààyè kì í ṣe àga

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni "ààyè". Àwọn òṣìṣẹ́ fásitì ń pè é ní kúótà. Òun ni iye ọmọ tí ẹ̀ka kan lè gbé láìjẹ́ pé ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn bà jẹ́.

Ẹ fojú inú wo télọ̀ kan ní Bàríga tó ní máṣíìnì méjì nínú ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin wá bá a, ó gbà wọ́n. Wọ́n di mẹ́fà, ó ra bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n di méjìlá, ó tún ra bẹ́ǹṣì méjì. Gbogbo wọn rí ibi jókòó sí, ẹni tó bá ń kọjá á sì ní ọwọ́ ọ̀gá ti kún. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ò kúrò ní méjì, ọ̀gá náà ò sì kúrò ní ẹyọ kan. Nígbà tí ọjọ́ fírídọ̀mù bá pé, ohun tí ọmọ kejìlá mọ̀ dunjú ni bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì àti ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀wà tí ọ̀gá fẹ́ràn.

Ẹ̀ka òfin tàbí ẹ̀ka ìtàn lè fi bẹ́ǹṣì yanjú díẹ̀ nínú ìṣòro tiwọn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ò gba bẹ́ẹ̀. Ní fásitì tí èmi lọ, tí n ò ní dárúkọ, àwa mẹ́rìnlá la máa ń yí ẹ̀rọ lathe kan ká, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń yí irin bírí kí ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè gé e dọ́gba. Bàbá tó ń darí wa níbẹ̀ á tan ẹ̀rọ, irin á máa ké, ohun tí ọ̀bẹ bá bó kúrò lára rẹ̀ á máa ká jáde bí èèpo ọsàn. Àwọn mẹ́ta tó wà níwájú ló máa ń fọwọ́ kàn án. Àwa tó wà lẹ́yìn ń ti orí èjìká wọn ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. B ni mo gbà nínú kọ́ọ̀sì yẹn. Títí di òní, n ò lè fi ẹ̀rọ náà gé ìṣó.

Àga wà fún mi níbẹ̀ o. Mo tiẹ̀ ní àga tó dúró dáadáa.

Ta ló ń ka orí ọmọ?

Fásitì kọ́ ló ń dá iye tó fẹ́ gbà pinnu. Ẹni mẹ́ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èkíní ni NUC, àjọ tó ń bójú tó fásitì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Òun ló ń sọ iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè gbé. Òṣùwọ̀n rẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ni olùkọ́ kan sí ọmọ 15. Fún òfin àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kan sí ọmọ 30 ni. Ẹ ti rí i báyìí pé ọmọ ẹnjiníà kan ń jẹ olùkọ́ bí ọmọ lọ́yà méjì, ká má tíì sọ ti ẹ̀rọ. NUC máa ń wá yẹ ẹ̀ka wò: èyí tó bá yege dáadáa gba ìfọwọ́sí ọdún 5, èyí tó ń mẹ́sẹ̀ gba ti ọdún 2 kó fi tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó bá kùnà, ilẹ̀kùn tì. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní accreditation nìyẹn, tí ẹ máa ń rí wọn tí wọ́n ń kun ògiri tí wọ́n sì ń gbin òdòdó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Èkejì ni COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà láti ọdún 1970. Kò sí ohun tó kan àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú òdòdó. Wọ́n á wọ láàbù, wọ́n á ní kí ẹ tan ẹ̀rọ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á bèèrè ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́. Ẹni tó bá jáde ní ẹ̀ka tí COREN ò fọwọ́ sí á rí ìjàngbọ̀n lọ́jọ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà.

Ẹ̀kẹta ni JAMB. Láti 2017 ni gbogbo àdímíṣọ̀n ti ń gba orí ẹ̀rọ wọn tí wọ́n ń pè ní CAPS. Bí fásitì bá kó ọmọ wọlé lẹ́yìn èyí tí wọ́n fún un, NYSC lọ́rọ̀ náà á ti bẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ọmọ ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ní ti ọmọ tó gba 271 tó wà níta nígbà tí ẹni tó gba 255 wọlé: ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 ààyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé náà ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. UNILAG tún máa ń fi post-UTME àti èsì WAEC kún un. Ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ó sì ń bí èèyàn nínú, ṣùgbọ́n kò fi ẹyọ ààyè kan kún èyí tó wà. Bí wọ́n bá pín in bí wọ́n ṣe fẹ́, iye kan náà ni.

Ọmọ kan, ọdún márùn-ún

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, mo máa rọra ṣe é.

Ká ní ẹ̀ka kan ń gba ọmọ 100 lọ́dọọdún. Ọdún 5 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, nítorí náà ọmọ 500 ló wà nínú ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí olùkọ́ kan bá ń mú 15, ẹ nílò olùkọ́ 33 tàbí 34. Ọ̀gá ẹ̀ka wá gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu, ó ní láti ọdún yìí lọ òun á máa gba 150.

Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n di 550. Ara ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni, torí pé ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì làwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ sábà máa ń kọ́, gbọ̀ngàn àwọn ará sáyẹ́ǹsì sì ni wọ́n ti ń kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn á yin ọ̀gá ẹ̀ka. Lọ́dún kejì wọ́n di 600, àwọn 50 àkọ́kọ́ yẹn ti dé iwájú ẹ̀rọ báyìí. Lọ́dún kẹta 650. Lọ́dún kẹrin 700, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ lábẹ́ SIWES, ètò tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ ní Àpápá, Ìkẹjà àti Ìṣọlọ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi fi àádọ́ta ọmọ sí lé e. Lọ́dún karùn-ún, wọ́n pé 750, olúkúlùkù àwọn 150 tó ń jáde lọ sì nílò olùkọ́ tí yóò dúró ti iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Olùkọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti di 50. Ẹni 16 tàbí 17 ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbà síṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún yẹn, fún ẹ̀ka kan ṣoṣo.

Ẹ wá gbé ètò ìṣúná ìjọba sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ọdún kan ni ìjọba ń buwọ́ lù. Ọdún márùn-ún ni fásitì ń gba ọmọ fún. Ó dà bí ìgbà tí mọ̀lẹ́bí gbé ọmọ wá fún yín pé kẹ́ ẹ bá àwọn tọ́ ọ títí yóò fi jáde ìwé, tí wọ́n sì kó owó oúnjẹ ọdún kìíní fún yín, wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó máa wò ó. Ẹ máa gbà á bóyá ẹyọ kan. Ṣé ẹ ó gba àádọ́ta?

Àpò mélòó ni owó ti ń wá?

Mẹ́rin ni, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ìkọ́ tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni owó ìjọba. Ìjọba àpapọ̀ ló ni UNILAG, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni LASU, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, àti LASUSTECH ní Ìkòròdú, tí wọ́n sọ di fásitì ní 2022 láti ara politẹ́kíníìkì ìpínlẹ̀ náà. Owó yìí pín sí mẹ́ta: owó oṣù, owó tí wọ́n fi ń gbé ilé ìwé ró lójoojúmọ́, àti owó iṣẹ́ ńláńlá bí ilé àti ẹ̀rọ. Owó oṣù ló ń gba apá tó pọ̀ jù, wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú un ra ẹ̀rọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fún fásitì kan ní bílíọ̀nù báyìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ti owó wo.

Èkejì ni TETFund. Owó orí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san lára èrè wọn ló ń bọ́ ọ. Ìdá 2 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀, ó di 2.5 ní 2021, ó di 3 ní 2023. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti fi owó ìdàgbàsókè kan tó jẹ́ ìdá 4 rọ́pò rẹ̀, ìdajì ibẹ̀ sì ni ti TETFund. Bí ẹ bá rí ilé tuntun ní ọgbà fásitì ìjọba kankan, ẹ wo ara ògiri rẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí orúkọ wọn níbẹ̀. Ìkọ́ tiẹ̀ jẹ́ méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, TETFund kì í san owó oṣù. Ó lè kọ́ láàbù tó ń dán, kí ó má sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, owó ọdọọdún rẹ̀ dọ́gba fún gbogbo fásitì. Ní 2025, bílíọ̀nù 2.8 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fásitì tí ọmọ ibẹ̀ ò kún BRT ogún àti fásitì tó ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, iye kan náà. Ta ni ìyẹn máa sún láti gba ọmọ sí i?

Ẹ̀kẹta ni owó tí àwọn ọmọ ń san, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó kàwé jáde níbẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́. NLNG, ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì, fún àpẹẹrẹ, yan fásitì 6 tí ó fún lówó láti kọ́ láàbù ìmọ̀ ẹ̀rọ, UNILAG wà níbẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún yín ní jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ ìbí ò sọ pé òun á máa ra dísù sí i.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ sókè, báwo ni owó ṣe wá dínkù?

Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, torí bí ẹ bá ka ìwé ètò ìṣúná, nọ́ńbà ń ga sí i lọ́dọọdún.

Ẹ wo ẹ̀rọ kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 20,000 dọ́là lókè òkun. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bí 460 náírà ní bánkì, mílíọ̀nù 9.2 náírà lẹ máa fi rà á. Nígbà tí dọ́là di 1,500 ní 2024, ẹ̀rọ kan náà di mílíọ̀nù 30. Bí ìjọba bá sọ owó ẹ̀rọ yín di ìlọ́po méjì láàárín ìgbà yẹn, tí ẹ sì jó tí ẹ yọ̀, ẹ̀rọ méjì tí ẹ lè rà tẹ́lẹ̀ ti di ẹyọ kan àti díẹ̀.

Iná mànàmáná náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, fò láti 68 náírà sí 225 fún ìwọ̀n kan. Ẹ̀ka ìtàn á ṣí fèrèsé. Ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ò mọ fèrèsé.

Ti àwọn olùkọ́ ló le jù. Ẹni tó ní dókítà nínú ìmọ̀ iná mànàmáná, tó mọ̀ pé owó oṣù òun ò tó owó ilé ní Yábàá, tó sì ń rí i pé ilé ìwé kan ní Kánádà ń wá irú òun, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ọ̀rọ̀ "japa" náà kúkú jẹ́ tiwa. Láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, fásitì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ láti Àbújá kó tó lè gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU ti 2022 náà, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá, dá kún un: àwọn tó yẹ kó jáde ò jáde, àwọn tó yẹ kó wọlé ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Kí wọ́n fi kún owó ilé ìwé, ṣebí ó parí?

Èkó ti gbìyànjú ìyẹn rí. Ní 2011, nígbà ìjọba Babátúndé Fáshọlá, wọ́n gbé owó LASU láti 25,000 náírà lọ sí nǹkan bí 200,000 sí 350,000, bí ẹ̀kọ́ bá ṣe rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ sá. Gbọ̀ngàn wà, olùkọ́ wà, owó oṣù ń lọ, iye ọmọ tuntun já wálẹ̀. Lẹ́yìn ariwo àti ìwọ́de, wọ́n dá a padà sí 25,000 ní 2014. UNILAG náà gbé tirẹ̀ sókè ní 2023, láti nǹkan bí 19,000 sí ohun tó lé ní 100,000, àwọn tó ní láàbù sì ń san ju àwọn tí kò ní lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n dín in kù díẹ̀. Ẹ sì rántí pé ìlànà ìjọba ò gba fásitì ìjọba àpapọ̀ láyè láti gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ọmọ tó ń gba dìgírì àkọ́kọ́. Owó ìtọ́jú nǹkan ni èyí tí wọ́n ń gbà, bó ti wù kó ga tó.

NELFUND wá dé ní 2024, ẹ̀yáwó tí kò ní èlé. Ó ń san owó ilé ìwé fún fásitì tààrà, ó sì ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù. Mo fara mọ́ ọn, torí ọmọ tálákà ti rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ìrònú kan wà tí mo ń gbọ́ pé, níwọ̀n ìgbà tí NELFUND ti ń sanwó, kí fásitì máa gba ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀dọ̀ oníbùrẹ́dì Àgége. Bùrẹ́dì tó ná an ní 1,000 náírà ló ń tà ní 300, wọ́n sì ti ní ìjọba á máa fi 700 kún un. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá fún un ní owó ọgọ́rùn-ún bùrẹ́dì, tí èrò sì jẹ́ igba, ó dáa kó máa tà á lọ? Gbogbo bùrẹ́dì tó bá tà lé ọgọ́rùn-ún, gbèsè ni. Pé oníbàárà yá 300 tó fi san án láti ibìkan ò yí 700 tó kù padà.

Bí fásitì tí wọ́n ní kó fẹ̀ sí i ṣe wà nìyẹn. Kì í ṣe pé ọmọ tuntun ò mú owó wá, ó mú un wá. Kò mú un wá tó ohun tó ń jẹ ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà bá irú rẹ̀ pàdé, torí ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ fásitì wọn. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn gbà ni pé wọ́n ń gba ọmọ tó wá láti ìta ní owó gọbọi. Purdue, fásitì kan ní ìpínlẹ̀ Indiana tí òkìkí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kàn, ò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹ̀kọ́ ọmọ Indiana láti 2013, 9,992 dọ́là ló dúró sí lọ́dún. Ọmọ tó bá ti ìpínlẹ̀ míì wá ń san nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ta ni a ó rí san ìlọ́po mẹ́ta ní Akoka?

Kí ni ọ̀gá ẹ̀ka tó lóye ń ṣe báyìí?

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń wo ilẹ̀. Ọgbà UNILAG ní Akoka jẹ́ nǹkan bí éékà 802, ọ̀sà sì pààlà sí i. Ibi tí wọ́n máa gbà fẹ̀ ò sí, àfi kí wọ́n máa kọ́ ọ lọ sókè. Bẹ́ẹ̀dì tó wà ní hóstẹ́ẹ̀lì ò ká iye ọmọ tó wà báyìí. Àwọn tó kù wà ní Abúlé-Ọjà, Ìwáyà, Onike àti Bàríga, láńlọ́ọ̀dù ibẹ̀ sì máa ń gbọ́ ìròyìn àdímíṣọ̀n ṣáájú àwọn òbí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń pín ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí láàbù máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lọ́jọ́ Sátidé. Èyí ló máa ń mú ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ bí méjì. Owó iná àti owó àfikún iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú láàbù ló ń dínà rẹ̀, inú owó tí ìjọba ń fún wọn láti fi gbé ilé ìwé ró lójoojúmọ́ ló sì ti ń wá, èyí tó kéré jù lọ. Ó tún ń bẹ àwọn ẹnjiníà tó wà nílé iṣẹ́ pé kí wọ́n wá máa kọ́ni lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí gbogbo wọn má rọ́ lọ sí Mechanical, Electrical àti Computer, pé Metallurgical àti Surveying ṣì wà ní UNILAG, àwọn tó ń dù ú ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó gbọ́n á fẹ ẹ̀ka kan lẹ́ẹ̀kan, á dúró kí àwọn àkọ́kọ́ dé ọdún kẹta, kó tó tún kan òmíràn.

Àwọn kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà máa yanjú ẹ̀, kí àwọn ọmọ máa ṣe iṣẹ́ láàbù lójú rẹ̀. Fún ẹ̀kọ́ sákíìtì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń po kọnkéré sínú àpótí irin kékeré, tí wọ́n á rì í sómi, tí wọ́n á sì fọ́ ọ lábẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láti mọ ẹrù tó lè gbé. Ẹni tó bá ti pò ó rí á mọ̀ lọ́wọ́ pé omi ti pọ̀ jù, kó tó di pé ẹ̀rọ sọ ohunkóhun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, èèyàn tó lé ní 40 kú. N ò sọ pé láàbù ló fà á. Mo kàn mọ̀ pé nínú ìlú tí ilé ti ń wó báyìí, n kò fẹ́ kí ẹnjiníà tó máa kọ́ ilé tí ọmọ mi máa gbé jẹ́ ẹni tí kò rí kọnkéré rí àfi lójú kọ̀ǹpútà.

Kí ni òbí lè bèèrè?

Bí fásitì kan bá kéde pé òun ti fi ààyè kún ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ bèèrè bóyá COREN ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe orúkọ fásitì nìkan, àti ọdún tí ìfọwọ́sí náà máa parí. Ẹ bèèrè ọmọ mélòó ló ń dúró ti ẹ̀rọ kan. Ẹ bèèrè olùkọ́ mélòó ló wọlé láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, àti mélòó ló lọ. Ọmọ tí ẹnu ọ̀nà iwájú tì mọ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: kó ṣe ND ní politẹ́kíníìkì, bíi Yabatech tó ti wà láti 1947, tí èsì rẹ̀ bá sì dáa, àwọn fásitì kan máa gbà á sí ọdún kejì pẹ̀lú Direct Entry. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà á ti kan irin.

Mo tún yà lọ́dọ̀ màmá Tẹ̀júoṣó lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ṣàlàyé náà tán lọ́tẹ̀ yìí, ti télọ̀ àti ti oníbùrẹ́dì. Wọ́n ní ọmọ ti ń gbèrò láti gba fọ́ọ̀mù ND, pé àwọn tiẹ̀ ti fi ọmọ ìyá àwọn sídìí ọjà lọ́jọ́ kan, àwọn lọ wo politẹ́kíníìkì kan fúnra àwọn. Géètìmáànù rò pé aṣọ ni wọ́n gbé wá tà. Wọ́n ní àwọn ò gbé aṣọ wá, ẹ̀rọ ni àwọn wá kà.